Obìnrin Abíjàn tó Wá Gba Ìwé Ọmọ Ìbà

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àbúrò bàbá àwọn fi Ìbà, ìlú wa, sílẹ̀ nígbà ayé òyìnbó, ó lọ ṣòwò aṣọ ní Abíjàn, kò sì padà mọ́. Ìtàn lásán ni mo pè é, àfi ìgbà tí ọmọ tí ọkùnrin náà bí já wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Okókomáíkò, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Obìnrin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Yorùbá rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó ń fi Faransé kọrin.

Ó ní Abíjàn ń pe òun ní àlejò, wọn ò fún òun níwèé ọmọ ìlú. Páásípọ̀ọ̀tù Nàìjíríà lòun wá gbà. Káńsù tó máa kọ ìwé ọmọ Ìbà tí wọ́n fi ń gbà á sì ní àfi kí olórí ẹbí wa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ọmọ Ìbà ni.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà sọ pé Ìbà ni wọ́n bí yín sí. Ta ló máa mọ̀?"

"Ìwọ lọ purọ́ tìrẹ! Abíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ṣé Abíjàn ló bí bàbá mi ni?"

Ọ̀sán la dé ilé olórí ẹbí. Bàbá arúgbó náà ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ohun tó gbé wa wá, wọ́n wo Àǹtí látòkè délẹ̀.

"Gbogbo ẹni tí ìlú onílùú bá sú ló ń rántí ilé. Kí lo mọ̀ nípa ilé yìí?" Wọ́n wá kọjú sí ìyàwó wọn. "Bu oúnjẹ fún wọn. Ẹni tí mi ò mọ̀ náà ń jẹun."

Ẹ̀bà dé, ẹja àrọ̀ ńlá kan jókòó sínú ọbẹ̀. Mo ti bu òkèlè tán kí Àǹtí tó gbá mi lọ́wọ́.

"Ilé wa kì í jẹ àrọ̀! Bàbá mi kú sí Abíjàn láìfẹnu kàn án. Àwọn ọmọ mi tí wọn ò mọ ọ̀nà Ìbà, wọn kì í jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò kúrò níbí rí lẹ ń fa eegun rẹ̀ mu!"

Bàbá ní, "Ayé àtijọ́ nìyẹn. A ti di oníṣọ́ọ̀ṣì."

"Mi ò bá yín jà. Ẹ bi mí pé kí ni mo mọ̀. Òun nìyí."

Ìyàwó bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Baálé mi, ẹ dá a lóhùn o!"

Bàbá ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àǹtí tún ìró rẹ̀ ró, ó jókòó. "Àlejò lẹ lè sọ ìyẹn fún. Èmi ò lọ." Ó sún àwo ọbẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú wọn.

Bàbá ní kí ìyàwó wọn bá àwọn mú ìgò ojú wá, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọn ò rántí ṣanwọ́. Epo kán sórí ìwé náà. Nígbà tá a dé káńsù, akọ̀wé kùn sí i, ṣùgbọ́n ó lù ú ní òǹtẹ̀.

Èmi tí wọ́n bí sí Ìbà, mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé a kì í jẹ àrọ̀. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, tí wọ́n bá ní kí o wá fi hàn lọ́la pé ọmọ ilé bàbá rẹ ni ọ́, kí lo máa mú jáde?