Adìẹ Tí Wọ́n Ṣẹ́ Lẹ́sẹ̀ Nítorí Mi

Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé mi ṣubú lọ́nà Ìfẹ̀wàrà ni irin tí wọ́n fi di eegun mi tó ṣẹ́ mú ní ọsibítù ti wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìta ara ló wà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì í mú gún ẹran já eegun, ọyún sì ń sun níbẹ̀. Mi ò lè wọ ṣòkòtò. Àwọn tó ń kí mi n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun kì í wo ojú mi mọ́, irin ni wọ́n ń kí.

Ìyá mi ò gba irin gbọ́ ní tiwọn. Wọ́n ní kí bàbá tó ń to eegun n'Ífẹ̀wàrà ṣẹ́ adìẹ kan lẹ́sẹ̀ nítorí mi, kí ó sì tò ó. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni èmi náà máa rìn.

Adìẹ rìn. Ó yé, ó pamọ.

Lánàá, dókítà wo fọ́tò eegun mi, ó ní kò so pọ̀ rárá, àfi kí àwọn tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi ìbínú pe ìyá mi, mo ní kí wọ́n pa adìẹ wọn jẹ.

Wọ́n ní:

"Mo máa ní kí bàbá tún un ṣẹ́. Kò ní rìn ṣáájú ẹ mọ́."