Ẹni Tó Kun Kẹ̀kẹ́ Olórí ní Àwọ̀ Ewé

Sàdíátù aya mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, lórí bẹ́ǹṣì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Jos níbí. Bẹ́ẹ̀dì kò sí. Nọ́ọ̀sì ní ká ní sùúrù, pé bí wọ́n bá ti dá ẹnì kan sílẹ̀ pé kó máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀dì á kàn wá. A ní sùúrù. Ikọ́ kò ní sùúrù.

Kí a tó kírun Àsárì, a ti sin ín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà, ó dúró nínú òjò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wọn kò sì jẹ́ kó wọlé. Òtútù ọjọ́ náà ló pa á. Bí dókítà bá ní orúkọ mìíràn fún un, kó máa pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fún aṣọ rẹ̀ nígbà tí a délé. Omi tó jáde lára rẹ̀ kún abọ́.

Èmi Lááwàlì kò kàwé. Tòmátì ni mo tà ní ọjà Farin Gada fún ọdún mọ́kànlélógójì. Tísà Ògúnlàdé, ará Èkìtì, aládùúgbò mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi oyin sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ní, "Alàgbà, ṣé ká dẹ̀ ẹ́ díẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ní rárá.

Ìpàtẹ àwòrán ni wọ́n ṣe nínú gbọ̀ngàn náà, nípa ìgbésí ayé ọkùnrin kan tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí láyé àtijọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára títì, ó wà lára ilé ẹ̀kọ́, ó wà lára pápá ìṣeré. Bí n kò bá pè é lónìí, kò ní dùn ún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ àwa tálákà, káàdì ni a fi ń mọ ojú olórí. Káàdì líle tó tó àtẹ́lẹwọ́: fọ́tò wà níwájú, àyè lẹ́tà àti ti sítáǹpù wà lẹ́yìn. Wọ́n ń tà á ní ibùdókọ̀ reluwé ní Terminus. Àwọn òyìnbó ibi ìwakùsà ń fi ránṣẹ́ sílé wọn, àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Ìlọrin àti ní Oǹdó. Dúdú àti funfun ni fọ́tò nígbà náà. Bí ẹ bá rí àwọ̀ lára káàdì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló fi í síbẹ̀. Ní ilé fọ́tò Andrew, lẹ́yìn ibùdókọ̀ yẹn, ọwọ́ Sàdíátù ni.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé agbọ̀n tòmátì kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí ọmọbìnrin kan tí ìka rẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́rin. Mo bi í bóyá aṣọ ló ń pa láró. Kò gbójú sókè. Ó ní ojú Olórí lòun ń fọ̀, kí n má fi agbọ̀n mi bo ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun lójú. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà ọjà mi.

Ogún káàdì ló máa ń tò sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Á kun fìlà gbogbo wọn tán kó tó bọ́ sórí aṣọ. Òwú tó wé mọ́ orí igi ló fi ń kun ojú ọ̀run, búrọ́ọ̀ṣì tí kò nípọn ju irùngbọ̀n ológbò lọ ló fi ń kun bọ́tìnnì. Ojú ènìyàn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ó ní bí òun bá kọ́kọ́ kun ojú, olúwarẹ̀ á máa wo òun bí òun ti ń ṣe ìyókù.

Gbogbo ayé ọkùnrin náà ló gba abẹ́ ọwọ́ ìyàwó mi kọjá. Káàdì kan wà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀wé, tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ológeere. Òmíràn wà tó ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá òyìnbó sọ̀rọ̀ òmìnira. Ó wà láàárín àwọn awakùsà ní Du, bàtà rẹ̀ mọ́, tiwọn kún fún ẹrẹ̀. Sàdíátù kun ẹrẹ̀ náà dáadáa, ó ní kí ẹni tó bá rà á rí i. Ọjọ́ ìbúra rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni òkú rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún aráyé wò. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó ń kun ìyẹn. Ó po pupa díẹ̀ mọ́ àwọ̀ ara, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú náà, bíi pé ó ń sùn. Mo ní kí lèyí, ṣé kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti kú ni?

"Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé," ó ní. "Káàdì yìí lè dé ọwọ́ rẹ̀."

Ìyá olórí ló ń rò. Ẹ sọ fún mi, nígbà tí ìyàwó mi wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tí ètè rẹ̀ ti ń ṣú, ta ló ro tiwa?

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ọjọ́sí wá kù. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, oòrùn ta sára kẹ̀kẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi lè mọ àwọ̀ rẹ̀. Sàdíátù bi Andrew. Andrew kò bi ẹnì kankan. Ó ní kó fi èyí tó bá wù ú sí i. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí Sàdíátù mọ̀ dáadáa ni ti bàbá rẹ̀, èyí tó fi ń kiri ẹní ìkírun láti Jos dé Bukuru. Àwọ̀ ewé ni. Ó fi àwọ̀ ewé sí i. Lẹ́yìn tí káàdì náà ti tàn kálẹ̀, akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì olórí dé bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní dúdú ni kẹ̀kẹ́ ọ̀gá òun, dúdú kirikiri. Andrew rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló máa wò ó. Akọ̀wé náà bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Sàdíátù kò bá tirẹ̀ lọ. Títí a fi dàgbà, bí ẹnì kan bá yìn ín nítorí káàdì yẹn, á ní, "Irọ́ kan wà lára rẹ̀, èmi ni mo pa á."

Nítorí náà, nígbà tí rédíò kéde pé wọ́n ti kó àwọn káàdì náà jọ, pé wọ́n ti yà wọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn, pé wọ́n tilẹ̀ ti rí kẹ̀kẹ́ náà gan-an láti fi hàn, ó wọ ìró àti bùbá Iléyá rẹ̀. Kì í ṣe ìyìn ló ń wá lọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin fẹ́ lọ sọ fún ìjọba pé òun ṣe àṣìṣe. Ẹ wá ẹlòmíràn fún mi ní Nàìjíríà tó gbéra nílé nítorí irú ìyẹn.

A dé ẹnu ọ̀nà kí oòrùn tó mú. Ọmọ tó ń ṣọ́ géètì ń jẹ́ Umar. Ó kí wa dáadáa ní Hausa, ó ní àwọn tó ní ìwé ìpè ló máa kọ́kọ́ wọlé, kí àwa ìyókù dúró títí àwọn ọ̀gá á fi wò ó tán. Sàdíátù sọ fún un pé òun ní ọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ inú àwòrán, pé kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Umar wo ilẹ̀. "Hajiya, sai hákúrì," ó ní. Kò sí ohun tí wọn kì í fi hákúrì, ìyẹn sùúrù, dáhùn nílùú yìí. Bí ilé rẹ bá jó, ṣe sùúrù. Bí ọmọ rẹ kò bá padà wálé lọ́jọ́ ìjà, ṣe sùúrù.

Òjò dé. Ẹ mọ òjò Jos, ẹ mọ bó ṣe ń gún egungun. Wọ́n ta àtíbàbà, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé mọ́tò àwọn ọ̀gá sí. Wọ́n fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, nítorí náà a gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú ilé. Ẹnì kan ń sọ pé orílẹ̀-èdè tí kò bá mọ iyì àgbà, ìparun ló ń lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Omi ń ṣàn wọ bàtà àgbà níta.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó di ọjọ́ mìíràn. Mo fẹ́ pariwo. Sàdíátù di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jẹ́ á lọ, Bàbá Mujeebat," ó ní. "Mo mọ bí àwọn káàdì náà ṣe rí."

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, èmi àti Tísà padà lọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ti lọ, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wàyí. Mo rí wọn: ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn awakùsà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú tó dà bí ẹni tó ń sùn. Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí Tísà kà á fún mi. Ó ní, "Alàgbà, wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún, ẹni tó kùn ún, a kò mọ̀ ọ́n."

A kò mọ̀ ọ́n. Ta ni "a"? Ta ni wọ́n bi léèrè? Ṣé wọ́n rìn dé Terminus? Ṣé wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí kan ṣoṣo bi arúgbó kan? Èmi mọ̀ ọ́n. Mo bá a gbé fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀, láàyè. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n?

Kẹ̀kẹ́ náà wà láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n fi okùn pupa yí i ká. Àwọ̀ ewé ni, ó ń dán. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ìpàtẹ náà, Ìyáàfin Olúwabùnmi, ọmọ Oǹdó tí wọ́n rán wá láti Abuja, kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ṣàlàyé fún wa pé, "Bàbá, ẹ wo àwọ̀ yẹn. Kí a tó ní àsíá rárá ni bàbá wa yìí ti ń gun àwọ̀ àsíá. Ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn."

Mo sọ fún un pé dúdú ni kẹ̀kẹ́ náà, pé àwọ̀ kẹ̀kẹ́ àna mi ni èyí tó ń fi ṣe wàásù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí arúgbó. Mo ní ìyàwó mi ló kun àwọn káàdì náà, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí dà? Ìwé ìgbanisíṣẹ́ dà? Andrew ti kú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di eérú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, a ò lè kọ ohun tí kò ní ẹ̀rí."

Mo bá na ọwọ́ kọjá okùn pupa yẹn, mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi ha irin kẹ̀kẹ́ náà. Ọ̀dà ewé ṣí. Dúdú wà lábẹ́ rẹ̀, dúdú kirikiri.

Umar sáré wá dì mí mú, ṣùgbọ́n kò fi agbára dì mí. Ìyáàfin náà tẹjú mọ́ ibi tí mo ha fún ìgbà pípẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹni tí wọ́n gbé àtúnṣe kẹ̀kẹ́ fún ló ṣe èyí, ó wo káàdì, ó sì kùn ún bó ti rí i níbẹ̀. Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ náà dé òkè. Ó ní kí n máa lọ sílé kí wọ́n má baà pe ọlọ́pàá sí mi.

Mo lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, Tísà bá mi padà lọ wò ó. Ìwé pélébé yẹn ṣì ń sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kun ojú ibi tí mo ha. Àwọ̀ ewé. Kò tíì gbẹ.

Ẹ wò ó. Láàárín ọjọ́ kan, wọ́n rí ọ̀dà, wọ́n rí búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n rí ẹni tó máa kùn ún. Bírò láti kọ orúkọ obìnrin kan ni wọn kò rí. Wọ́n gba àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ ju irin lọ, wọ́n fi tún òótọ́ ṣe, wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yín ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, òun alára kò sì sí.

Ní òpin oṣù yìí ni wọ́n máa kó ìpàtẹ náà lọ sí Abuja. Kí wọ́n tó dì í, mo fẹ́ mọ ẹni tó pàṣẹ pé kí mọ́tò wà lábẹ́ àtíbàbà kí arúgbó wà nínú òjò. Mo fẹ́ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì. Mo fẹ́ mọ ẹni tó gbé ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin lé orí bẹ́ǹṣì, tó wá lọ ń jẹun. Mo sì fẹ́ kí wọ́n yọ ìwé pélébé yẹn kúrò. Ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀ nìyí. Tísà ti kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò mọ bí a ti ń kọ ọ́:

Sàdíátù Àtinúkẹ́ Lááwàlì ló fi ọwọ́ kun àwọn káàdì yìí ní Terminus, Jos. Ó ṣe àṣìṣe kan lára kẹ̀kẹ́. Ó wá láti sọ ọ́ fún wa. A kò ṣílẹ̀kùn fún un.