Fi-Díẹ̀-Kún-Un àti Yàrá Màmá

Àbúrò mi ọkùnrin kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ó tó". Bí a bá se ọbẹ̀, á fi iyọ̀ díẹ̀ kún un. Bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀, á fi díẹ̀ kún ohùn rẹ̀ títí ohùn náà á fi há. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa nílé fi ń pè é ní Fi-Díẹ̀-Kún-Un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ya ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Màmá wa ń gbé lọ́dọ̀ mi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn tí wọ́n jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, wọn ò lè gòkè, wọn ò lè sọ̀kalẹ̀, wọ́n wá ń ṣe bí ẹni tó kàn ń gbatẹ́gùn. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Àbúrò mi ní òun á kọ́ yàrá kan fún wọn nílẹ̀, lẹ́yìn ilé òun. Màmá kọ̀ jálẹ̀.

"Mi ò lè kó lọ sí yàrá tí mi ò tíì fojú rí," ni wọ́n wí.

Ni àbúrò mi bá ya yàrá náà sínú láptọ́ọ̀pù, lọ́nà tí èèyàn á fi máa rìn nínú rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù náà ti dàgbà. Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀ ò lágbára mọ́. Bí ó bá ní kí àwòrán rìn, ṣe ló ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tó ṣe. Ó ní òun á fi díẹ̀ kún eré tí káàdì náà ń sá, kí àwòrán lè yára.

Mo ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

"Àǹtí mi, òwe kọ́ ló ń mú àwòrán rìn."

Ó gbé láptọ́ọ̀pù wá sí pálọ̀ mi, ó gbé e sórí àwo ìjẹun mi méjì tó dojú wọn dé, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, ó sì kọjú fáànù kan ṣoṣo tí a ní sí i. Á fi díẹ̀ kún eré káàdì, á wá tan ètò kan tó ń kó iṣẹ́ lé e lórí, kó lè mọ̀ bóyá á gbà á. Bí àwọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà lójú láptọ́ọ̀pù, á dín in kù, á ní, "Kò tíì dúró sójú kan." Èmi àti Màmá ń làágùn, láptọ́ọ̀pù ń gbafẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ètò náà ṣiṣẹ́ parí, ojú láptọ́ọ̀pù ò sì ṣẹ́. Àbúrò mi ń rìn káàkiri pálọ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Màmá wá wòran. Màmá kì í wo nǹkan lórí tábìlì; ì báà ṣe fọ́tò, ì báà ṣe ìwé, orí itan ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n gbé tìmùtìmù lé itan, wọ́n sì gba láptọ́ọ̀pù lé e lórí. Kò sáwo, kò sí fáànù. Àbúrò mi wò mí, mo gbójú sókè. Ta ni á kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó?

Àwòrán gbéra, ó ń sáré. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà fìrì, ó kọjá fèrèsé fìrì.

"Dúró ná," Màmá wí. "Kí ni mo kọjá yẹn?"

Kí àbúrò mi tó dáhùn, ojú láptọ́ọ̀pù ti di aláràbarà, ó sì kú pátápátá.

"Ó gbóná bí ọmọ tí ibà ń ṣe," ni Màmá wí. "Kí lo fún un jẹ?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àfi ìgbà tí mo rí ojú àbúrò mi. Ó ti gbà pé Màmá ò ní kúrò lórí àtẹ̀gùn yẹn mọ́ láé. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí láptọ́ọ̀pù tutù, ó tàn án padà, ó sì yọ gbogbo díẹ̀ tó ti fi kún un kúrò. Àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Bó ṣe lè rìn mọ nìyí."

Màmá tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ẹnu ọ̀nà dé díẹ̀díẹ̀, wọ́n rí i pé ó fẹ̀ tó láti gba àwọn àti ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Wọ́n rí irin ìdìmú lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí àtẹ̀gùn kankan.

"Bí èmi náà ṣe ń rìn nìyí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ta ló sọ fún ọ pé mò ń sáré?"

Àbúrò mi fọwọ́ nu ojú. "Màmá, ṣé kí n fi díẹ̀ kún fèrèsé yẹn?"

"Ó tó, ọmọ mi. Lọ pe bíríkìlà."