Ọta Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Tó Ṣẹ́kù

Kò sí fíìmù ogun kan tí Bàbá Ọgbọ̀n-Péré wò rí tí inú rẹ̀ dùn sí. Bí òṣèré kan bá gbé ìbọn dání nínú tẹlifíṣọ̀n, tó ń rọ̀jò ọta láti òrùlé kan dé òmíràn láì pààrọ̀ àpò ọta, bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Bó bá ti ka ọgbọ̀n, á na ìka: "Ọgbọ̀n péré ló ń gbà. Níbo ló ti rí èyí tó ń yìn yẹn?" Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé máa ń sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ọkùnrin yìí, òun ò mọ bí fíìmù kankan ṣe parí.

Ọdún méjìlélógún ló fi tún ìbọn ṣe fún àwọn ológun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn tó ń ṣe fíìmù gbọ́ pé ẹnì kan wà tó mọ ìbọn bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀, wọ́n wá a kàn. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ńlá tí wọ́n ti ń yàwòrán. Ilẹ̀kùn irin ni, àgádágodo méjì ló wà lára rẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló tẹ́ sórí tábìlì, àwọn ìbọn tí wọ́n ti tún ṣe kó má lè yìn ju ẹtù lásán lọ sì wà lára ògiri, páálí kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí so mọ́ ọrùn kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ ò lè fi irọ́ ìbọn dúró níwájú bàbá yìí. Òṣèré tó bá ti fi ìka sí ibi tí wọ́n ń fà kó tó rí ẹni tó fẹ́ yìn, wàhálà ti bá a. "Yọ ìka ẹ kúrò níbẹ̀. Ṣé o fẹ́ pa ẹni tó wà níwájú ẹ ni?" Wọ́n fẹ́ kí ọta gbé ọkùnrin kan gba ojú fèrèsé jáde, bàbá ní kò jọ ọ́. "Ọta kì í gbé èèyàn. Èèyàn kàn máa ń jókòó ni, bí ẹni tó rẹ̀." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sì dákẹ́, nítorí ó hàn pé kì í ṣe inú ìwé ló ti kà á.

Fíìmù tí wọ́n ń ṣe lọ́dún náà dá lórí ogun afárá, ogun tó ti jà ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ogójì sójà ló dúró lórí afárá náà. Mọ́kànlá kú. Òkúta ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà bárékè tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn tó kú sí, orúkọ mẹ́wàá ló sì wà níbẹ̀. Ẹni kọkànlá tí kò sí níbẹ̀ ni àbúrò Bàbá Ọgbọ̀n-Péré, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ó ju ìbọn sílẹ̀, ó sì sá, ẹ̀yìn ni ọta sì ti bá a. Nínú fíìmù yìí, wọn ò pè é lórúkọ. "Sójà tó sá" ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Opó àbúrò yìí, aránṣọ ni. Òun ló ń rán aṣọ sójà fún fíìmù náà nínú yàrá gígùn kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta wà. Nígbà tí bàbá kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n ń wá aránṣọ, tó sì sọ fíìmù tó jẹ́, ọkàn bàbá ń fẹ́ kó kọ̀ ọ́. Obìnrin náà dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá máa rán aṣọ tí ọkọ mi á fi kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni kí n rán an." Ẹ̀gbọ́n mi ló ti ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, òun náà sì ń pè é ní Ìyàwó títí irun orí àwọn méjèèjì fi funfun. Bàbá ló bá a tọ́ ọmọbìnrin tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀. Òun ló fa ọmọ náà fún ọkọ nígbà tí ìdílé ọkọ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ ojo ni.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá yìí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òfin kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ atúnbọnṣe lọ́jọ́ kìíní: ìbọn kan lẹ́ẹ̀kan. Irin kan wà nínú ìbọn tó ń ti ọta wọlé, tó sì ń fa èèpo rẹ̀ jáde lẹ́yìn tó bá dún. Nọ́ńbà kan náà ló máa ń wà lára irin yẹn àti lára ìbọn rẹ̀, torí wọ́n ti jọ jẹ ara wọn mọ́ra. Bí wọ́n bá ki irin ìbọn kan bọ inú òmíràn, ó lè yìn lẹ́ẹ̀kan, ó lè yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èèpo ọta á wá há síbẹ̀ bí egungun ẹja tó há sí ọ̀fun. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ogun afárá, òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ kún inú gbogbo ìbọn, ọ̀gágun sì ní kí wọ́n múra láàárín wákàtí kan. Ogójì ìbọn wà níwájú bàbá nìkan. Ó tú gbogbo irin náà sínú ike kẹrosíìnì kan ṣoṣo, ó fọ̀ wọ́n pọ̀ bí ẹni fọ ṣíbí, ó sì ń kì wọ́n padà bọ́wọ́ ṣe ń bà wọ́n. Kò wo nọ́ńbà. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ogun náà, wọ́n gbé ìbọn tí wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú àbúrò rẹ̀ wá fún un pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà ọ̀kàndínlógójì ló wà lára ìbọn. Mẹ́rìnlá ló wà lára irin inú rẹ̀. Èèpo ọta há sínú rẹ̀ gbọnin. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá ti èèpo náà jáde, ó wá irin tirẹ̀ gan-an rí, ó kì í bọ̀ ọ́, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Ìbọn dára. Ọta mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣẹ́kù." Ó buwọ́ lù ú. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ló ń bà á, ìyàwó tirẹ̀ sì wà nínú oyún. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó kú ti kú. Kò mọ̀ pé ìwé pélébé yẹn ni wọ́n máa kà tí wọ́n á fi dájọ́ pé ìbọn tó dára, tí ọta kún inú rẹ̀, ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ sá ni.

Láti ìgbà náà ló ti di ẹni tí kì í gba irọ́ kékeré láyè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí bàbá yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń ka ọta nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń bá òṣèré jà nítorí okùn bàtà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ya ikú sójà tó sá, bàbá gbé ìbọn òṣèré náà lọ sí yàrá àwọn aránṣọ. Olùdarí fíìmù wà níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, tó máa ń fi pẹ́ńsùlù sínú irun. Òṣèré náà dúró lórí àpótí, Ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó to píìnì sẹ́nu, ó ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

"Bàbá," ni òṣèré náà wí, "ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ò yé mi. Wọ́n ní kí n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n ju ìbọn sílẹ̀. Ṣebí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀bọn, kí ló ń ṣe mí tí mo fi jù ú sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni bàbá ní láti sọ. Kó ní "ẹ̀rù," kí gbogbo wọn máa bá iṣẹ́ lọ, kí ìwé pélébé yẹn sì di fíìmù tí ayé á máa wò. Ó wolẹ̀. Ìyàwó ti dáwọ́ dúró. Píìnì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gún mọ́ ibi kankan.

"Kò jù ú sílẹ̀," ni bàbá wí. "Ìbọn ló há."

Olùdarí ṣí fáìlì rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀dà ìwé wọn ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Wọ́n yẹ ìbọn ẹ̀ wò, wọ́n ní ó dára. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò buwọ́ lù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè ka orúkọ ẹ̀."

"Èmi ni."

Bàbá ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìbọn náà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn wọ́n bó ṣe máa ń kọ́ àwọn òṣèré. Ó ní bí èèpo ọta bá há báyìí, ọwọ́ lásán ò lè fà á. Sójà á sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, á kẹ̀yìn sí ọ̀tá, á kúnlẹ̀, á gbá ìdí ìbọn mọ́lẹ̀, á sì máa fi gbogbo agbára fa irin yìí lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bó. Àbúrò òun mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, òun ló kọ́ ọ. Ibi tó ti kúnlẹ̀, tó ń gbá a mọ́lẹ̀, ni ọta ti bá a lẹ́yìn. Ó sọ ti ike kẹrosíìnì. Ó sọ ti mẹ́rìnlá àti ọ̀kàndínlógójì. Ó sọ ti ilẹ̀kùn tó tì.

Ìyàwó yọ píìnì ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi tán.

"Mo rí ọwọ́ yẹn," ló wí. "Nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́. Awọ ẹ̀ ti bó dé eegun. Mo bi yín, ẹ ní wáyà ló dì mú níbi tó ti ń sá lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyàwó."

"Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan." Kò ké, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ gòkè. "Mo bínú sí òkú. Ẹ ń wò mí, mo ń bínú sí i, ẹ sì ń jẹun nílé mi."

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó ya bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní kí bàbá kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Olùdarí yọ pẹ́ńsùlù irun rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Ìyàwó mi orí, ó ní bírò lòun ń fẹ́. Bàbá kọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, torí ó kọ nọ́ńbà méjèèjì, ó kọ ọjọ́, ó kọ gbogbo rẹ̀ bí atúnbọnṣe ṣe ń kọ ọ́. Ó buwọ́ lù ú, ó sì wá kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, kẹ́ni kankan má baà tún sọ pé òun ò lè kà á. Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n ya ikú náà. Òṣèré yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbọn dákẹ́. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ògiri, ó gbá ìdí ìbọn mọ́lẹ̀, ó fà á, ó tún gbá a, ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí ọta bá a, kò fò, kò yí. Ó kàn jókòó, bí ẹni tó rẹ̀. Olùdarí ní ó dára, kò sí ohun tí wọ́n máa tún yà níbẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, ìgbà kìíní nìyẹn tí kò rí àléébù kankan.

Ìyàwó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó wò ó títí dé òpin. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé báàgì, ó sì fọwọ́ kan àpò aṣọ rẹ̀ láti mọ̀ pé bébà náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà bárékè, níbi tí òkúta orúkọ yẹn wà, ló dorí kọ. Bàbá sún síwájú, ó ní kí òun sìn ín lọ.

Obìnrin náà wò ó, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà tí wọ́n bá pàdé lójú títì.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá Ọgbọ̀n-Péré," ló wí. "Mo mọ ọ̀nà."