Òkúta Méjì Tí Ìyá Mi Sún

Òórùn iṣu tí wọ́n bọ̀, tí oòrùn ń pa lórí àpáta, ìwọ náà ò lè gbàgbé rẹ̀ tó o bá ti gbé Ṣakí rí. Ó máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń dùn díẹ̀, á wọ aṣọ ẹni débi pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ò ní ṣàì gbóòórùn èlùbọ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ni àpáta tiwa wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo àdúgbò ló sì ń sá iṣu síbẹ̀ lọ́gbẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fìwé pín in. Òkúta wẹẹrẹ ni kálukú tò sí ààlà tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kan òkúta ẹlòmíì.

Ìyá mi fẹsẹ̀ kàn án. Mo mọ̀, torí èmi ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ dání. Iṣu ọdún yẹn pọ̀, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ tà kí n lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí àyè ò gbà wá mọ́, wọ́n fẹsẹ̀ sún òkúta méjì wọnú ààlà Àlájà, ìyàwó Lèmọ́mù àdúgbò wa, tó ti di àgbà kí wọ́n tó gbé ìyá mi níyàwó wọlé. Nígbà tí Àlájà béèrè, ìyá mi yarí kanlẹ̀ pé ibi tí òkúta wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kíra mọ́.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni àdúrà òwúrọ̀ ilé wa. Bàbá mi, tó jẹ́ díákónì, á ka Bíbélì tán, ìyá mi á wà lórí eékún, wọ́n á ní, “Olúwa, fi ẹni tó jàre hàn!” Omijé á máa bọ́ lójú wọn, omijé tòótọ́ o. Mo máa ń la ojú kan wò wọ́n. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ni? Àbí èèyàn lè tan ara rẹ̀ jẹ débi pé á máa fi gbàdúrà? Mo bi bàbá mi bóyá Ọlọ́run máa ń dá ẹni tí kò jàre lóhùn. Wọ́n ní, “Ọ̀fíntótó, lọ pọnmi wá.”

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ìwàásù ò tíì dé àárín tójú ọ̀run fi ṣú. Òjò àkọ́rọ̀, láìrò tẹ́lẹ̀! Iṣu wa wà lórí àpáta, bẹ́ẹ̀ iṣu tí òjò bá pa lásìkò yẹn, á bu ni, kò sẹ́ni tó máa rà á. Mo wo ìyá mi, ìyá mi wo bàbá mi, bàbá mi ò wo ẹnì kankan. Ilé jìnnà. Mo dijú pinpin, mo ń bẹ Ọlọ́run kó dá òjò dúró, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi, torí ilé-ẹ̀kọ́ mi ló wà lórí àpáta yẹn. Òjò náà rọ̀ ṣáá. Ariwo páànù ò jẹ́ ká gbọ́ pásítọ̀ mọ́.

Nígbà tá a sáré délé, àpáta mọ́ féfé, kò sí ẹyọ iṣu kan lórí rẹ̀. Ìyá mi káwọ́ lérí: “Mo gbé! Àgbàrá ti gbé e lọ!”

Ni Àlájà bá yọ lábẹ́ àtíbàbà wọn, ìró wọn rin gbingbin. “Ìyàwó, yéé pariwo. Iṣu rẹ nìyí.”

Gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹní wọn, ó gbẹ. Iṣu tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò ti pa á tó ìdajì. Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ kó.

Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àlájà ní, “Kí ló dé? Ìwọ ò sí nílé, èmi wà nílé. Ká ní Jímọ̀ ni, témi wà ní mọ́ṣáláṣí, ṣé o ò ní bá mi kó tèmi ni?”

Mo ń retí kí ìyá mi ní, “Màá kó o, mà.” Wọn ò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Àlájà, èmi ni mo sún òkúta yẹn.”

“Mo mọ̀. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ṣì funfun lórí àpáta. Dìde jàre, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ jẹ́.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi gbé òkúta kan, wọ́n ní kí n gbé èkejì. A dá wọn padà sójú ibi funfun yẹn, wọ́n sì bá a mu wẹ́kú. Mi ò lè pa ẹnu mi mọ́. Mo ní, “Ìyá mi, ṣé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà àbí kò gbọ́? Mo ní kó dá òjò dúró, òjò rọ̀.”

Wọ́n gbọn iyanrìn ọwọ́ wọn dànù. “Èmi ní kó fi ẹni tó jàre hàn. Ṣé kò fi hàn ni?”

Mo lọ sílé-ẹ̀kọ́ náà, mo di olùkọ́, mo sì wọ ilé ọkọ, níbi tí ìjà ò ti wọ́n. Títí dòní, ọ̀fíntótó ṣì ni mí, mo ṣì ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti kúnlẹ̀ pé kó fi ẹni tó jàre hàn láàárín èmi àti baálé mi, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá ibì kan ò funfun lórí àpáta. Nígbà míì, mo máa ń dìde láìtíì ṣe àmín, kí n lọ gbé òkúta padà.