Ọpọ́n Ìfọṣọ Ni Mo Pè É

Ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo gbé láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ mi wá sí Awoye, ìlú wa tó wà lórí omi, sílé ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà. Géèmù kan wà nínú rẹ̀ tó ń bà mí lẹ́rù gan-an. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ há sínú ilé ńlá kan tí omi kún. Obìnrin kan tí kò lójú, tí kò nímú, ń wá a kiri láti yàrá dé yàrá. Èèyàn á máa tẹ àwọn nǹkan inú ilé náà, aago, àpótí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, títí ọmọ náà á fi rí ọ̀nà jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ìgbà ni obìnrin yẹn ń gbá ọmọ mú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, mo ní kí n tún gbìyànjú díẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Àṣìṣe mi ni pé mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà níbi tó ti ń yan ẹja.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Géèmù ni, Ìyá."

"Mo ní ọmọ ta ni! Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó mi. Ẹ̀rù aláìlójú ò bà á rárá, ṣe ló ń bú u: "Aláìnítìjú! Ọmọ ọlọ́mọ lò ń lé kiri, o ò ríṣẹ́ ṣe?" Kó tó pẹ́, ó ti pa ẹja tì. Ó ní n ò ní wọ ọkọ̀ kankan bí ọmọ yẹn ò bá jáde. Mo rò pé ó ń ṣeré ni, àfìgbà tó gbé báàgì mi, tó jókòó lé e.

Inú bí mi. Bátìrì ń tán lọ, awakọ̀ ń pariwo létí omi pé òun ń lọ, èmi ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú.

"Ilẹ̀kùn iwájú wo?" ni ìyá àgbà wí. "Ilé tó wà lórí omi, ṣebí ẹ̀yìn la ti ń jáde? Ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn, àbí o fọ́jú ni?" Ó fi ìka olóròóró ẹja gún ojú láptọ́ọ̀pù mi.

"Ọpọ́n ìfọṣọ nìyẹn, Ìyá."

"Ọpọ́n ìfọṣọ wo ló ní àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀?"

Mo tẹ ọpọ́n. Ọmọ náà bọ́ sínú rẹ̀, ó mú igi tí mo ti ń pè ní orógùn, ó tukọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Èmi tí wọ́n bí sórí omi, tí mo mọ ọkọ̀ tù kí n tó mọ a, b, d! Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ibẹ̀ ni bátìrì kú sí, tọmọ tọkọ̀ lójú agbami.

"Ó gúnlẹ̀ àbí kò gúnlẹ̀?"

"N ò mọ̀, Ìyá." Mo fa báàgì mi, mo sáré wọ ọkọ̀. Ó ń pariwo tẹ̀lé mi dé etí omi pé òun á pè mí.

Nígbà tí a dé èbúté Ìgbókọ̀dá, mo wá ibi tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù, mo tan láptọ́ọ̀pù, géèmù sì tẹ̀ síwájú níbi tó dúró sí. Ọmọ náà gúnlẹ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́nì kankan létí omi níbẹ̀, géèmù sì parí. Mo tẹ gbogbo igun, bóyá ẹnì kan á yọjú. Fóònù mi dún.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti gúnlẹ̀, Ìyá. Ìyá rẹ̀ àgbà ló wá pàdé rẹ̀." Irọ́ tí mo ti pa fún un láti kékeré pọ̀, kò gba ìkankan gbọ́ rí. Ó gba èyí.

"A dúpẹ́ o. Ìwọ ńkọ́? Ta ló wá pàdé rẹ?"

Mo wo èbúté yí ká, n ò rẹ́ni tí mo mọ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí, Ìyá."

Ó ní gbogbo ẹja òun ló ti jóná.