Àǹtí Èènì, Obìnrin Tó Ná Orin Lọ́wọ́ Olùdarí Eré

Ìlà mẹ́jọ ni olùdarí eré ní kí ọmọbìnrin kan kọ nínú orin tó mú wá sí ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọrin nínú eré. Ọmọ náà ò tíì lanu tí ohùn kan fi dún láti ìjókòó tó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn: "Mẹ́jọ kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe é ní mẹ́rìndínlógún."

Gbogbo orí yí padà. Onídìrí àdúgbò wa ló dìde dúró yẹn, báàgì lápá, kóòmù nínú irun, bí ẹni tó dúró níwájú ìsọ̀ aláṣọ.

"Mà, ìdánwò là ń ṣe níbí. Èèyàn pọ̀ níta. Mẹ́jọ ni gbogbo wọn ń kọ."

"Mo mọ̀ pé mẹ́jọ lẹ máa kọ́kọ́ pè é. Àmọ́ ẹ wo ọmọ yìí dáadáa. Ṣé ojú ìlà mẹ́jọ lẹ rí yẹn?"

"Mà, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó." Kò jókòó. "Mẹ́rìnlá."

"Mẹ́jọ!"

"Sà, ẹ gòkè díẹ̀ kí èmi náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀."

Ọkùnrin tó ń tẹ píánò ti dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Olùdarí wo aago, ó wo èrò tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀. "Méjìlá. Méjìlá péré o!" Ọmọ náà kọ ìlà méjìlá, ó kọ ọ́ dáadáa, ó sì dákẹ́.  Ni ohùn kan bá tún dún láti ẹ̀yìn: "Èènì ńkọ́?"

Bó ṣe di Àǹtí Èènì nìyẹn. Nígbà tó kú, ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ sára òkúta ibojì ní láti dúró kí wọ́n wá orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ náà mọ́.

Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé Àǹtí Èènì fúnra rẹ̀ ò lè kọrin rárá. Ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo látọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù irun rẹ̀ ni gbogbo ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wọ eré olórin máa ń sáré lọ bí ìdánwò bá ti ń bọ̀. Á bá wọn yan orin, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lásán bí ẹni ń báni jà, kí wọ́n tó fi ohùn sí i. Nígbà míì á fi tirẹ̀ hàn wọ́n, ara gbogbo wọn á sì bù máṣọ. "Má kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí o," ni á wí. "Bó ṣe wà lọ́kàn mi ni kó o kọ ọ́."

Kílíìpù irun ló fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí. Á fi wọ́n há etí bébà orin náà: ibi tí kílíìpù bá wà, ibẹ̀ ni kó o ti mí, o ò gbọdọ̀ mí níbòmíì. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan délé tí apá kan irun rẹ̀ wó lulẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ìbínú. Àǹtí ò tiẹ̀ mira. "Ẹ má bínú, mà," ló sọ. "Orin òní ló gùn."

Ìdánwò tirẹ̀ wá le ju ti gbọ̀ngàn lọ. Ẹ̀rọ díráyà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, irú èyí tí obìnrin ń ti orí bọ̀ kí irun lè gbẹ, àwọn méjèèjì sì ń hó bí ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Bó o bá kọrin, tí obìnrin tó wà nínú díráyà ò yọrí láti gbọ́ ọ, orin ẹ ò tíì jinná. Bó bá yọrí, ó parí, wọ́n á gbà ẹ́.

Wọ́n sì máa ń gbà wọ́n lóòótọ́! Àmọ́ elégbè ni gbogbo wọn ń ṣe, ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá. Àǹtí á lọ gba pósítà eré náà, á gbé e kọ́ ògiri, á máa fi ìka han àwọn oníbàárà: "Ẹ rí ìgúnpá yẹn, lẹ́yìn ọkùnrin tó wọ fìlà yìí? Èmi ni mo kọ́ ọ."

Tíṣà Píánò, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní òdìkejì títì, kì í kọjá kó má tọ́ ọ níjà.

"Àǹtí Èènì, ìgúnpá mélòó lẹ ti ní báyìí?"

"Ìgúnpá mẹ́rin àti etí kan. Tíṣà, tiyín dà?"

Tíṣà á rántí pé òun ní nǹkan lórí iná.

Ọmọbìnrin ọjọ́ ìlà méjìlá yẹn, Ọmọ Oníbúrẹ́dì là ń pè é, torí ìyá rẹ̀ ló ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo àdúgbò. Ó ti ṣe elégbè títí ó fi sú u. Wọ́n wá ń wá ẹni tó máa ṣe ìyá nínú eré tuntun kan, olórí òṣèré gan-an, tó máa kọrin fún ọmọ rẹ̀ kó lè sùn. "Àǹtí," ló wí, "bí wọ́n bá tún dá mi padà sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí, ó parí. Ìdí ààrò búrẹ́dì ni mò ń lọ, mi ò kọrin mọ́."

"Ìdí ààrò kẹ̀? Iwájú lò ń lọ. Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó kọ ọ́. Obìnrin méjèèjì yọrí nínú díráyà. Àǹtí ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Tíṣà Píánò yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ wo ló máa sùn sí ariwo yìí?"

"Tíṣà, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi!"

"Mò ń lọ. Àmọ́ díráyà yín ló ń kọ́ wọn láti pariwo, Àǹtí. Ẹni tó bá lè pariwo, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í sí."

Ó lọ. Àǹtí mú kóòmù, ó ya irun lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ló bá lọ sídìí ògiri, ó yọ wáyà díráyà méjèèjì. Ọjọ́ Sátidé ni o, èrò kún ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́.

"Àǹtí! Irun mi ò tíì gbẹ, ìgbéyàwó ni mò ń lọ!"

"Ṣé ìwọ ni ìyàwó?"

"Èmi kọ́."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹ. Jókòó."

Ọmọ Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dún débi tó fi dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, títí tó fi dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ sétí ẹnì kan ṣoṣo. Omi ń kán látinú irun àwọn obìnrin sórí èjìká wọn, kò sẹ́ni tó nù ún. Nígbà tó parí, Àǹtí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kí ló dé tí gbogbo yín jókòó báyìí?" ló jágbe. "Ẹ ò níṣẹ́ ni?"

Nírọ̀lẹ́, ó sọdá títì lọ bá Tíṣà. "Mo wá sọ fún yín," ló wí, "pé mo ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

Lọ́jọ́ ìdánwò, bí olùdarí ṣe rí ẹni tó tẹ̀ lé ọmọ náà wọlé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kó kọ gbogbo rẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá." Àǹtí jókòó bí ọba, ó ki áńkáṣíìfù sẹ́nu, kò sì fọhùn títí ọmọ náà fi parí.

Àǹtí ò sí láyé mọ́ nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ ní ọsibítù kí èsì ìdánwò tó jáde. Ọmọ Oníbúrẹ́dì sáré wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ tí èsì jáde, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n fún mi, Àǹtí. Èmi ni ìyá yẹn."  Àǹtí dijú, ó fi ìka júwe pé kó kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láti ìlà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ariwo wọ́ọ̀dù rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá dúró.

"Ta ló ni ọmọ yìí?"

"Èmi ni," ni Àǹtí Èènì wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Èmi ni mo bí i."

Oníbúrẹ́dì, tó bí i gan-an, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Àǹtí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì," ló wí. "Àwọn ló bí i."